Eyín Mẹ́rin Inú Agolo Ìpara

Mẹ́rin ni. Mo fi iye náà ṣíwájú nítorí pé òun gan-an ni gbogbo ẹbí wa ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ìgbà èwe mi. Eyín mẹ́rin ni wọ́n fà lẹ́nu bàbá mi, ní apá ọ̀tún òkè, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ní ilé ìtọ́jú eyín kan náà ní Ìkòròdú, kò sì sí èyí tó jẹrà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo mọ̀, nítorí pé ọwọ́ mi ni wọ́n wà báyìí, nínú agolo ìpara pélébé kan tí bàbá mi fi tọ́jú wọn, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí: funfun ni wọ́n, wọ́n ń dán, gbòǹgbò wọn sì gùn. Bí àlejò bá bi Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, pé kí ló dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ fi jìn, yóò ní, "Obì ló jẹ jù." Bàbá mi kò jẹ obì rí. Màámi yóò gbójú sílẹ̀. Bàámi fúnra rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ètè dídì, nítorí pé ẹni tí eyín rẹ̀ ti dín kì í ya ẹnu rẹ́rìn-ín lójú àlejò. Olúkúlùkù nínú ilé wa ló ní ìdí tirẹ̀ tí kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye yìí. Tèmi ló burú jù, n ó sì dé ibẹ̀.

Láṣunwọ̀n ni ilé wa wà, láàárín ìlú Ìkòròdú. Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ padà sí, ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, tí àwọn obìnrin ń jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì láti máa ta ìpè. Korobá tó ń já sínú kànga ló máa ń kọ́kọ́ jí wa, lẹ́yìn náà agolo oníhò tí Ìyá Àgbà fi ń rin ewùrà fún ìkòkoré, kí máṣíìnì Bàámi tó wá gba gbogbo agboolé kan. Télọ̀ ni Bàámi, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá Àgbà a máa wí pé, "Ilé tí máṣíìnì bá ti ń dún, ebi kò gbọdọ̀ kọjú sí i." Iṣẹ́ tèmi ni láti fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, n kò ní tíì bọ́ bàtà tán tí yóò fi pè mí: "Àbẹ̀kẹ́, abẹ́rẹ́ ń wá ọ o!" N ó fi itọ́ tẹ́ ẹnu òwú, n ó tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Bàámi yóò sì sọ fún oníbàárà tó bá jókòó pé, "Ojú mi nìyí. Ó ju dígí lọ." Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ náà. Ọba tó jẹ lórí ilẹ̀ tí kò ju ẹní kan lọ, ọba náà ni, kì í sì í fẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ ẹ̀bá ẹní rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ìwé ọdún náà ni Àǹtí Sífáwù, àbúrò Bàámi obìnrin tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, mú ọmọ rẹ̀ Mùnírá wá bá wa gbé, kó lè bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé girama ní Ìkòròdú. Ọmọ ọdún méjìlá ni àwa méjèèjì. Oṣù mélòó kan ni mo fi jù ú lọ. Ó dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan, ẹsẹ̀ gbọọrọ, àti ẹnu tí kì í sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ tí kò láriwo, ọmọ tí a lè rán sáàfin." Ó wá yíjú wò mí. Kò sọ ibi tí wọ́n lè rán èmi sí.

Ọyẹ́ ló máa ń mú àìsàn Bàámi wá. Bí ètè ènìyàn bá ti ń là, ẹ̀fọ́rí náà yóò dé, yóò sì máa wá lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn ìrun Àyìlà ọ̀sán, ní wákàtí kan náà, bí ẹni pé aago ló rán an. Máṣíìnì a dákẹ́ lójijì láàárín ìrán kan. Ìdákẹ́ yẹn ni èmi fi ń mọ̀. Ojú ọ̀tún rẹ̀ a pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ a wọ́ sílẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tí ìṣó rẹ̀ ti yọ, omi a máa dà lójú ọ̀tún nìkan, imú ọ̀tún nìkan a máa ṣàn, apá òsì a sì gbẹ táútáú, bíi pé ìdajì ojú ọkùnrin méjì ni wọ́n rán pọ̀ di ọ̀kan. Kò lè jókòó, kò sì lè dùbúlẹ̀. Láti ìdí kànga dé ìdí ìbẹ́pẹ ni yóò máa rìn, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí, nígbà mìíràn yóò fi iwájú orí sọ ògiri. Ó sọ fún Màámi pé ó dà bí ẹni pé ẹnìkan wà nínú agbárí òun tó ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná rán ojú òun mọ́ egungun. Bó bá tó wákàtí kan, á tú. Á bọ́jú, á padà sídìí máṣíìnì, á sì máa bá ìrán náà lọ láti ibi tó ti já. Bàbá Kabírù, tó ń tún rédíò ṣe ní ọ̀kánkán wa, á wá ké láti ọ̀hún pé, "Télọ̀! Ojú kan pọ́n, ojú kan funfun! Ṣé ìdajì ìgò lẹ mu ni?" Bàámi á ní, "Rédíò yín ni kẹ́ ẹ wò, Bàbá Kabírù. Ẹ dá ojú mi sí." Gbogbo àdúgbò á rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni n kò ti fẹ́ràn ẹni tó ń fi ìrora ẹlòmíràn ṣe àwàdà, bó ti wù kí àwàdà náà dùn tó.

Kí Mùnírá tó dé, kò sí ẹni tó ń bá a rìn. Màámi ti gbìyànjú, ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù. Èmi náà ti gbìyànjú. Mo ní, "Bàámi, ẹ pẹ̀lẹ́, ibo ló ń dùn yín gan-an? Ṣé kí n pọnmi? Ṣé kí n pe Màámi?" Ó jágbe mọ́ mi bí kò ti jágbe rí: "Àbẹ̀kẹ́, kúrò níwájú mi!" Ní ọjọ́ kẹta tí ọyẹ́ ọdún náà mú un, Mùnírá jáde láti ilé ìdáná, ó fi omi kànga rin aṣọ ìnura, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun. Bí Bàámi bá yí padà, òun náà á yí. Bí Bàámi bá na ọwọ́, aṣọ tútù á ti wà níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń ka ìgbésẹ̀ wọn. Ó yẹ kí n ṣàánú bàbá mi. Òtítọ́ tó jẹ́ dandan fún mi láti kọ ni pé n kò ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo jowú ọmọ tó ń bá a rìn. Mo jowú aṣọ ìnura. Mo tilẹ̀ jowú ẹ̀fọ́rí náà, tó ní wákàtí tirẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi lójoojúmọ́ láìtọrọ àyè, nígbà tí èmi ọmọ rẹ̀ ń dúró kí ó tó kàn mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo ti ilé ìwé dé lẹ́yìn Mùnírá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo sì bá abẹ́rẹ́ tí òwú ti wà lójú rẹ̀. "Mùnírá ti bá mi fi sí i," ni Bàámi wí. Kò gbójú sókè.

Ní ti àwọn eyín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àṣìṣe ti ń gba ipò ìmọ̀. Ní ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, ìrora a máa sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè. Ìyá Àgbà ní, "Eyín ni baálẹ̀ orí. Bí baálẹ̀ kò bá sùn, ìlú kò ní sùn." Bàámi lọ sí ilé ìtọ́jú eyín. Ẹni tó wà níbẹ̀ fi irin kan eyín kan, ó ní, "Ṣé ibí ni?" Bàámi ní gbogbo ibẹ̀ ni. Ó fà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀fọ́rí lọ, Ìyá Àgbà sì ní, "Ṣé mo wí?" Kò sí ẹni tó rò ó pé àkókò rẹ̀ ló pé tó fi lọ, bí ọyẹ́ náà ti í lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Nígbà tó padà dé ní ọdún kejì, wọ́n ní eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fà ló jẹ̀bi. Wọ́n fa ìyẹn náà. Ọyẹ́ mẹ́ta, eyín mẹ́ta, ó sì jọ ẹ̀rí. Ẹni tó lọ sí yunifásítì, tó wọ aṣọ funfun, kò béèrè ohun tí ọmọdé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ti mọ̀: pé aago ni àìsàn náà ń tẹ̀lé, pé ojú kan ṣoṣo ló ń dami, pé ẹni tí eyín ń dùn a máa di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú jókòó síbì kan ni, kì í rìn bí ẹkùn tí wọ́n sé mọ́.

Nígbà tí a gba ìsinmi, Bàámi ní agbádá kan láti gbé lọ fún ìmáàmù kan ní Ẹ̀pẹ́. Mo ti wẹ̀, mo ti wọ bàtà, mo ti jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àgbà ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ni yóò wá bá mi rin ewùrà?" Bàámi wò mí, ó wo bàtà mi, ó ní, "Jẹ́ kí Mùnírá bá mi lọ. Ilé rẹ̀ kúkú ni." Wọ́n gba ọ̀nà Ìtòkín lọ. Èmi rin ewùrà títí awọ ìka mi fi bá a lọ sínú abọ́. Ìkòkoré tí a sè lọ́jọ́ náà dùn, wọ́n ní. N kò tọ́ ọ wò.

Wọn kò padà ní ọjọ́ kejì bí wọ́n ti sọ. Wọ́n pe fóònù Bàbá Kabírù pé iṣẹ́ díẹ̀ ló dá Bàámi dúró. Ní Sátidé ni Mùnírá àti ìyá rẹ̀ wá kó aṣọ fún un, Mùnírá sì fà mí sẹ́yìn kànga. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ kò lè pa ẹnu dé mọ́.

"Àbẹ̀kẹ́, o ò rí nǹkan! Ó mú Bàbá nílé wa, màmá mi sì gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan ló wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà ní irú ẹ̀. Ó ní, ṣé ojú kan náà ni? Ṣé aago kan náà ni? Ṣé ẹ máa ń lè jókòó? Bàbá ní rárá o. Ó ní kí wọ́n yí sílíńdà wá kíákíá."

"Sílíńdà kí ni?"

"Ọ́síjìn. Wọ́n fi nǹkan bí ife bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó ń dún ṣììì. Bàbá di ọwọ́ mi mú. Kò ju ìgbà tí ẹ̀bà fi ń tutù lọ, ó ní, 'Mùnírá, ó ti lọ.' Ó wá sunkún, Àbẹ̀kẹ́. Ojú méjèèjì ló fi sunkún." Ó wò yíká. "Dókítà ní kó máa wá lójoojúmọ́ kí aago náà tó pé. Ṣùgbọ́n Bàbá ní Ìyá Àgbà ò gbọdọ̀ gbọ́. Ó ní èmi ni kí n bá òun pa á mọ́."

Àwọn dókítà ń pe àìsàn náà ní ẹ̀fọ́rí kúlọ́sítà, nítorí pé ọ̀wọ̀ọ́wọ́ ló ń wá. N kò gbọ́ orúkọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo gbọ́ kò ju "di ọwọ́ mi mú" àti "èmi ni kí n bá òun pa á mọ́" lọ.

Ẹni tí kò gbé àdúgbò wa nígbà náà lè má mọ ìdí tí Bàámi fi bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti fi ọ́síjìn sí ẹnìkan nímú, àwọn obìnrin á ti gbé ọwọ́ lérí, nítorí pé ilé ìwòsàn kì í gbé e wá àfi nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ lọ́wọ́. Bàbá tó bí Bàámi kú pẹ̀lú rẹ̀ nímú. Ìyá Àgbà gbà pé ife yẹn ló fa èémí ìkẹyìn jáde lára ọkọ òun, a sì máa sọ ọ́ fún wa nígbàkígbà tí a bá ń ṣa ẹ̀wà. Mo mọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí àwáwí pé ọmọdé ni mí. Mo rìn lọ bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ní, "Ìyá Àgbà, wọ́n ti fi ọ́síjìn sí Bàámi nímú ní Ẹ̀pẹ́. Mùnírá rí i. Wọ́n ní ká má sọ fún yín." Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Mùnírá, ìbínú sì wà nínú wọn, inú mi dùn. Ìdùnnú náà kò pẹ́ ju ìgbà tí ẹ̀wà fi dẹ́kun yíyí nílẹ̀.

Àǹtí Sífáwù ló sọ ìyókù fún wa. Ìyá Àgbà kó àwọn àbúrò Bàámi méjì lẹ́yìn, wọ́n dé Ẹ̀pẹ́ ní àsìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife náà lé Bàámi nímú. Ó fà á yọ. "Ohun tó pa bàbá rẹ kò ní pa ìwọ náà lójú mi!" Dókítà ní, "Ìyá, afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni, a kàn fún wọn ní ògidì rẹ̀ ni." Ìyá Àgbà ní, "Ẹ máa mí tiyín!" Bàámi, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gbígbóná náà lójú, kò lè gbó ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n mú un padà wá sí Ìkòròdú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú eyín, wọ́n sì fa ẹ̀kẹrin.

Ní ọjọ́rú, lẹ́yìn Àyìlà, máṣíìnì dákẹ́.

Òwú tí wọ́n fi dí ojú eyín náà ṣì ń mu ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Mùnírá pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, wọ́n ní ọmọ tó ń bá ikú pa àṣírí mọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ṣófo. Àyè tí mo ti ń wá láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé nìyẹn, wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún mi pátápátá. Mo rin aṣọ ìnura, mo bọ́ síbẹ̀, bó bá yí padà, èmi náà á yí. Mo mọ̀ nígbà náà bí ọ̀nà náà ti gùn tó, láti ìdí kànga dé ìdí ìbẹ́pẹ. Nígbà tí ìrora náà tú, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, "Ta ló sọ fún wọn?" Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Ìwọ tí mo pè ní ojú mi." Kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí.

Mùnírá ló gbà wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, níwájú gbogbo ilé, ọmọ tí a lè rán sáàfin náà kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà. "Ìyá Àgbà, ẹ má bínú. Eyín ti ń tán lápá ibẹ̀. Tí wọ́n bá fà wọ́n tán, ṣé ojú ló kàn?" Mo rò pé wọn á gbá a létí. Ìyá Àgbà ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan. Ní òwúrọ̀, ó wé gèlè, ó ní kí gbogbo wa wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì Bàámi bí ọlọ́pàá, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ife náà. Nígbà tí ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, Bàámi ṣí i kúrò lẹ́nu, ó ní, "Ìyá mi, ṣé ìkòkoré wà nílé?" Ìyá Àgbà dìde. "Ṣé ẹni tó ń kú ló ń béèrè ìkòkoré yìí? Ẹ gbé ife yẹn wá kí n rí i." Ó fi í símú, ó fínmú sí i. "Kò ní òórùn kankan!" ni ó wí, bí ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn èyí ni dókítà fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn Bàámi ti ń lù, ó sì kọ hóró oògùn kan fún un, èyí tí wọ́n tún ń fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru, kí ó máa lò ó bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ̀fọ́rí náà kò kú. Ṣùgbọ́n ó di àlejò tí a mọ bí a ti ń sìn ín jáde.

Ìtàn ì bá dára bí mo bá dá a dúró síbẹ̀. N kò lè dá a dúró. Ìjọba gbé dókítà náà lọ síbòmíràn. Ní ọyẹ́ tó tẹ̀lé e, ìrora gba orí oògùn kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a sá gbé Bàámi lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, èmi sì wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Sílíńdà wà ní kọ̀rọ̀, mo rí i. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ní, "Ẹ̀yin lẹ ń rìn káàkiri yìí? Ẹni tó fẹ́ kú là ń fi ọ́síjìn fún." Bàámi dúró, pẹ̀lú omi tó ń ṣàn lójú ọ̀tún rẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n kọ́kọ́ kú díẹ̀ ni?" Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà kò dá ìbẹ̀rù rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín ọ́síjìn ló ti kọ́ ọ.

Mùnírá ń gbé Ìjẹ̀dé báyìí. Bí ọyẹ́ bá dé, òun ni bàbá mi kọ́kọ́ ń pè, kó tó pe èmi tí mo gba oyè yunifásítì, tí mo sì ń fi kálàmù bá àwọn alágbára jà. Mo ṣì ń jowú rẹ̀. N kò ní purọ́. Mo tún ń jowú àwọn aláìsàn bíi ti Bàámi tí mo kà nípa wọn, ní ìlú àwọn ẹlòmíràn, tí sílíńdà wọn wà ní igun yàrá, tí kò sí ẹni tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe tán láti kú. Ṣùgbọ́n owú ti kọ́ mi ní ìwé kíkà. Láìpẹ́ yìí, mo mú Bàámi lọ sí ilé ìtọ́jú eyín náà, ó sì gba fáìlì rẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà: eyín jíjẹrà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fà á, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti sílíńdà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ fa igi gba orí irọ́ yẹn, kí ẹ sì kọ síbẹ̀ pé eyín náà yè. Kí ẹ tó gbé irin sí ẹnu ẹlòmíràn, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tí obìnrin Ẹ̀pẹ́ yẹn bi bàbá mi. Ẹ gbé ọ́síjìn fún ẹni tó ń rìn. Agolo náà wà lórí tábìlì mi, mo ti ṣí ìdérí rẹ̀. Mẹ́rin ni. Mo ti mú ẹ̀kẹrin, nítorí pé tèmi ni. Ẹ wá gba mẹ́ta yín.